Ọjọ́ Mẹ́rin ní Bangkok

Àtẹ̀jíṣẹ́ kẹta ni ó kó jìnnìjìnnì bá Auntie Ṣìmí. Bí wọ́n ṣe ń jáde nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú ni ó wọlé sórí fóònù rẹ̀:

"Auntie, lọ́la mo máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí island kan. Network ò ní sí níbẹ̀. Ẹ má worry tí ẹ ò bá gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀."

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ó fi jókòó sí pálọ̀ Hameedat Akíndúró ní Brampton. Gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì bọ́ kóòtù.

"Oyíndà kì í wọ ọkọ̀ ojú omi," ó wí. "Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n fà á yọ nínú odò. Láti ìgbà náà, kódà ferry tó ń lọ sí Toronto Island, kò wọ̀ ọ́ rí. Hameedat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló kọ nǹkan yìí."

Hameedat gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Ìbàdàn. Ní Canada níbí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ó ń wádìí àwọn tó ń parọ́ pé olè jí mọ́tò àwọn. Iṣẹ́ méjèèjì ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rere.

Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó wọlé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀: "Mo ti dé Bangkok o. Immigration ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn lu stamp, kò sí wàhálà visa rárá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin pupa láti airport wọ ìgboro." Ó ka ìkejì, ti Àbámẹ́ta: "Mo lọ sí temple. Mo bo èjìká àti orúnkún. Mo bọ́ bàtà."

"Ṣé ó ti pè yín?"

"Kò pè. Tí mo bá pè é, kò ní gbé e. Tó bá pẹ́ díẹ̀, text á wọlé pé network ò dáa. Mo ti lọ bá police. Wọ́n ní àgbàlagbà ni, pé ó wà ní vacation, ó sì ń reply. Tuesday ló yẹ kó padà dé."

"Àwọn wo ló mọ̀ pé ó ń lọ?"

Ìbéèrè tó dùn ún dáhùn ni. Ọmọ Yorùbá kì í pariwo ìrìnàjò; ẹni tó ń lọ á ti gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún kí ará àdúgbò tó gbọ́. Yàtọ̀ sí Auntie Ṣìmí fúnra rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta péré ni Oyíndà sọ fún. Lékè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton. Adélọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ sí Bangkok lọ́dún tó kọjá, òun ló sì fún un nímọ̀ràn. Ẹnì kẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá, onílé rẹ̀ ní Malton, tó fi mọ́tò gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́rú.

"Lékè bínú," Auntie Ṣìmí wí. "Lójú mi ló ti sọ pé tó bá dá lọ, kó má padà sọ́dọ̀ òun. Ti Adélọ́lá yẹn sì rèé, ó ti pẹ́ tó ti ń fojú sí Lékè."

Hameedat dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́ fún Auntie Ṣìmí. Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ń wá ibi tí Oyíndà máa sọnù sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òkun Thailand ni wọn yóò dá lẹ́bi, kò sì ní sí ẹni tó máa wá a ní Canada mọ́.

Yìnyín ń bọ́ ní Malton. Àwọn bàálù ń fò lọ lókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé òrùlé lọ. Wọ́n gun ìloro oníkọnkéré tó wà níwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá, wọ́n sì gbọn yìnyín ẹsẹ̀ wọn nù.

"Èèyàn jẹ́jẹ́ ni," Auntie Ṣìmí sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Iṣu tó fún mi ní Christmas, inú cold room tó wà lábẹ́ ìloro yìí ló ti gbé e jáde, ó tutù rìnrìn. Títí di January, kò bàjẹ́."

Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá, òun nìkan ló ń gbé òkè ilé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀yẹ, ó sì mú wọn wọ pálọ̀. Fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Canada wà lára ògiri, àsíá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú fọ́tò náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, iṣu bí ogún wà nílẹ̀, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ooru hítà ń gbà jáde. Mélòó kan ti ń hù.

"Ẹ má wo ilé, ó rí wúruwùru," ó wí.

"Kò sí wàhálà, sà. Ẹ̀yin lẹ gbé Oyíndà lọ sí airport?"

"Èmi ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Wednesday. Mo já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fa báàgì rẹ̀, ó wọlé."

"Kóòtù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó fi sílẹ̀ sínú mọ́tò mi. Ibi tó ń lọ gbóná. Mo ti bá a fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ nísàlẹ̀."

Hameedat mi orí. Òun náà ti fi kóòtù sílẹ̀ fún ẹni tó sìn ín dé pápákọ̀ rí. Gbogbo ẹni tó ń sá fún òtútù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ láìjanpata. Ó dúró sókè.

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Lára àjà, níbi tó yẹ kí ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín bá bo ilé wà, wáyà méjì ló ń fì dirodiro. Ìwé kan wà lára fìríìjì, Oyíndà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́:

"Tẹ return ticket àti orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sórí pépà. Ra SIM ní airport. Wọ ọkọ̀ ojú irin pupa wọ ìgboro, má bá onítakisí fa ọ̀rọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú títì pé ààfin ọba wà ní títì lónìí, irọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ gbé ẹ lọ. Bo èjìká àti orúnkún kí o tó wọ temple. Bọ́ bàtà. Má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lórí. Má mu omi ẹ̀rọ."

Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹlòmíì ti fi bírò mìíràn kọ ọ́: "Tí o bá dé, PÈ. Má kọ text. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Èmi ni mo kọ ìyẹn," Auntie Ṣìmí wí. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Hameedat gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ọkọ̀ ojú irin pupa. Èjìká àti orúnkún. Bàtà. Ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kàn ń da ìwé ara fìríìjì kọ ni. Ó lọ sí ìdí kóòtù, ó tú gbogbo àpò rẹ̀. Nínú àpò inú, tó ní síìpù, ó rí pépà kan àti káàdì pélébé kan tó ní àwọ̀ ìyeyè. Físà Thailand ni pépà náà. Ẹ̀rí pé Oyíndà ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni káàdì.

Ó kó méjèèjì sínú báàgì rẹ̀, ó sì ní kí àwọn máa lọ.

Inú mọ́tò ni ó ti pe Adélọ́lá.

"Ọkọ̀ ojú irin pupa?" Adélọ́lá béèrè. "Auntie, kò lè wọ ìyẹn. Singapore ni èmi gbà wọ Bangkok, airport kékeré ni wọ́n já wa sí. Airport ńlá ni bàálù ti Oyíndà ń lọ, ọkọ̀ pupa ò dé ibẹ̀. Alẹ́ Tuesday ni mo rántí, mo pè é kíákíá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun ti gbọ́."

"Ẹ jọ sọ ọ́ lẹ́nu ni, ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹnu ni, Auntie."

Oyíndà mọ̀ pé ìwé yẹn ṣì í lọ́nà. Ẹni tó gbé fóònù rẹ̀ dání ni kò mọ̀.

Lékè jáde wá bá wọn níwájú ilé ìkẹ́rùsí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Auntie Ṣìmí, kò wo ojú rẹ̀.

"Níbo lo wà láàárọ̀ Wednesday?" Hameedat bi í.

"Ibí yìí ma. Seven to seven. Tí ẹ bá fẹ́, supervisor mi wà nínú."

"O ní kó má padà sọ́dọ̀ ẹ."

"Inú ló bí mi ma. Ó dùn mí pé kò lè dúró kí èmi náà gba visa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n da tèmi padà." Ó fi apá aṣọ nu imú. "Èmi ni mo bá a to ìwé tiẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má gbàgbé yellow card. Tí wọ́n bá ti rí páásípọ́ọ̀tù green yẹn lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa fà wá sí. Visa dà, yellow card dà, return ticket dà."

Páásípọ́ọ̀tù Hameedat náà, aláwọ̀ ewéko ti Nàìjíríà ni. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń fà wọ́n sí. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ń lo ìwé yẹn tó jẹ́ kọ ọ́ láé pé wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ fún òun, kò sí wàhálà físà. Lékè ò lè kọ ọ́. Adélọ́lá náà ò lè kọ ọ́. Ẹni tó ti gbàgbé pé wọ́n ń béèrè ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣu yẹn wá sí i lọ́kàn.

Yorùbá wo ló máa gbé iṣu sẹ́bàá ooru hítà, lábẹ́ òrùlé kan náà tí ó ti ní yàrá tútù? Àfi tí nǹkan mìíràn bá wà nínú yàrá tútù náà. Lọ́sàn-án, orí ìloro yẹn gan-an ni wọ́n ti gbọn yìnyín bàtà wọn nù.

Ó pe 911 bí ó ṣe ń wakọ̀. Wọ́n ní kó dúró síta de ọlọ́pàá. Kò dúró.

"Madam, ẹ tún padà wá," Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdún wo lẹ gba páásípọ́ọ̀tù Canada, sà?"

"Ó ti lé lógún ọdún. Èéṣe?"

"Tí ẹ bá rìnrìnàjò, ṣé wọ́n ń bi yín ní visa?"

"Wọn kì í bi wá. Wọ́n kàn ń lu stamp ni."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ṣá.

Hameedat na físà àti káàdì náà sí i. "Àpò kóòtù Oyíndà ni mo ti rí wọn. Òun mọ̀ pé láìsí èyí, òun ò wọ Bangkok. Ẹ̀yin ò mọ̀, ẹ ò sì tú àpò. Airport tó ń lọ, ọkọ̀ ojú irin pupa ò sí níbẹ̀, òun mọ ìyẹn náà. Ara fìríìjì lẹ ti dà á kọ. Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá, iṣu yín ń hù. Kí ló lé e kúrò nínú cold room?"

Bàálù kan kọjá lókè, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ilé. Nígbà tó lọ tán, wọ́n gbọ́ ìró kan. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò le, kò yára. Kó, kó, kó.

Auntie Ṣìmí kígbe orúkọ Oyíndà.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá fẹ̀yìn rìn wọ pálọ̀, ó fi ògiri ṣe àtìlẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lápò. Auntie Ṣìmí já a gbà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi gbé ẹrù ní airport kí n tó ra ilé yìí," ọkùnrin náà wí. "Mo yọ alarm èéfín tó wà ní yàrá rẹ̀ torí ó ń ké ṣáá. Àárọ̀ tó ń lọ ló sọ fún mi pé òun ti kọ̀wé sí city, àwọn tó ń yẹ ilé wò. Wọ́n á ti basement pa, ilé á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní tí iná bá jó òun mọ́lé ńkọ́."

"Báwo ló ṣe dénú cold room?"

"Mo ní kó wá mú iṣu kan fún Auntie rẹ̀. Bó ṣe wọlé, mo tì í. Mo kàn fẹ́ kí bàálù yẹn fi í sílẹ̀ ni, kó jókòó, kó gbọ́ mi. Ìgbà tó di wákàtí kan, ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì, kí ni mo fẹ́ sọ? Iṣu ló fi ń lu ilẹ̀kùn. Ìgbà tó sùn ni mo kó wọn jáde."

"Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì tó fi sílẹ̀ níta. Ó sọ nọ́ńbà tó ń ṣí i fún mi. Mo fún un ní bùláńkẹ́ẹ̀tì."

"Ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ wọ̀ lọ́la," Hameedat wí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i lọ́la, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá ń wo iṣu. Iná ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ń tàn yòò lójú fèrèsé.

Hameedat sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá tútù, tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níta yàrá Oyíndà, ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oyíndà wà nílẹ̀ láàárín àwọn pákó tí wọ́n ń to iṣu sí, ètè rẹ̀ bó, ìgò omi tó fi ń kan ògiri ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Auntie Ṣìmí ti bọ́ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú.

"Bá mi sọ̀rọ̀. Oyíndà, jọ̀ọ́, bá mi sọ̀rọ̀."

Oyíndà la ẹnu, ohùn ò jáde. Ọjọ́ mẹ́rin tó fi kígbe ti gba gbogbo rẹ̀. Auntie Ṣìmí gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì dúró.

"Auntie," Oyíndà wí, ohùn náà ò ju èémí lọ. "Mo ti dé."