Fọ́tò Tí Yàrá Kò Gbà

Ọjọ́ tí onífọ́tò kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì tí ọmọbìnrin kan ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Tábìlì ló ń yà lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe tábìlì tí à ń jẹun lórí rẹ̀ o. Ìlà òòró, ìlà ìbú, tó ń pín ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì sí yàrá kéékèèké. Ọ̀rọ̀ á wọ yàrá kan, àwòrán á wọ òmíràn. Tó bá parí, á fi àwọn ìlà náà pamọ́, àwọn tó ń kà á kò sì ní mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibi tí ẹ bá fi nǹkan sí náà ló máa ń wà?" onífọ́tò bi í.

"Kò gbọdọ̀ sún."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló fi yín síbí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Kámẹ́rà ti dún.

Bàbá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Bàbá ló ni ọ́fíìsì, Bàbá ló kọ́ ọ ní tábìlì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí ọ̀nà tó rọrùn jù ú lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá kọ etí ikún sí i. Òkè ọ́fíìsì náà ni wọ́n ń gbé. Á jí lókè, á ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, á padà lọ sùn lókè. Ayé rẹ̀ kò ju àtẹ̀gùn kan lọ, ó sì ti sú u.

Onífọ́tò wá sọ wíwá di àṣà. Á gbé àwòrán ilé ìwé wá lónìí, ti ilé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n fi sójú ìwé wọn. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní "ayọ̀ mi", tí òun náà ń fetí sílẹ̀ de ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́.

Ìgbà náà ni onífọ́tò ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. "Ayọ̀ mi, jẹ́ ká jọ lọ. Jẹ́ kí n wá rí Bàbá."

"Wọn ò ní gbà. Wọ́n ti fi mí fún ọmọ ọ̀rẹ́ wọn."

Òótọ́ ni. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá máa kó wọlé, wọ́n á jọ máa gbé òkè, wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. "Iṣẹ́ ò ní kúrò nílé," ni Bàbá wí, bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń lọ sílé ọkọ.

Ó tún ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú ìwé tí wọ́n máa fi kéde ìgbéyàwó náà. Yàrá méjì: ìyàwó lápá òsì, ọkọ lápá ọ̀tún. Ọmọbìnrin náà wá fọ́tò ara rẹ̀ títí, ọ̀kan ṣoṣo ló rí tó dára, èyí tí onífọ́tò yà lọ́jọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó fẹ̀ gan-an. Ó yẹ kó kọ́kọ́ dín in kù, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó tì í wọnú yàrá bẹ́ẹ̀.

Bí àwòrán bá sì fẹ̀ ju yàrá tábìlì lọ, ògiri ló ń sún. Ògiri sún. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá tó wà nínú fọ́tò kejì bá ara rẹ̀ létí kọ̀ǹpútà, etí rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.

"Kí lèyí?" Bàbá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Gé e!"

"Ibo ni kí n gé, Bàbá?"

Bàbá gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gé e lápá òsì, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá a lọ. Ó fẹ́ gé e lápá ọ̀tún, ẹ̀rín náà fẹ́ lọ. Ó fa àga mìíràn, ó jókòó, ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ta lò ń rín ẹ̀rín yìí sí?"

"Ẹni tó ya fọ́tò yẹn ni." Omi ti lé sí i lójú. "Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ti há mọ́ mi jù."

Bàbá pa tábìlì náà rẹ́, àti ìlà àti yàrá. Fọ́tò náà gba gbogbo ojú ìwé.

"Ní kó wá rí mi. Kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání."

"Ọmọ ọ̀rẹ́ yín wá ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ náà rí i pé ó ti ń bá tiẹ̀ lọ." Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó yá, dìde lórí àga yẹn. Ilé ìwé kan ń dúró de tábìlì, èmi ni màá yà á."