Ọ̀dà Búlúù Lára Ẹ́ńjìnnì

"Wọ́ọ̀... wọ́ọ̀... wọ́ọ̀," ni sítátà ń ké, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà kò gbiná.

Bàbá tún yí kọ́kọ́rọ́. Ohùn kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ Ìyá wà ní ilé ìwòsàn ní òdìkejì odò, òun àti ọmọ tuntun. Wọ́n ti múra tán, ọkọ̀ ni wọ́n ń retí. Bàbá sì ti ṣèlérí pé Ọlọ́dà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni yóò wa ọkọ̀ lọ gbé wọn. Láti àárọ̀ ni inú ọmọbìnrin náà ti ń dùn ṣìnkìn.

Ọlọ́dà ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í kùn. Ó ti kun àpótí ìjókòó, ó ti kun ilẹ̀kùn, ọ̀pá ìyá àgbà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá, ó kun ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì yìí ní búlúù láti fi kí àbúrò rẹ̀ káàbọ̀. Gbogbo èbúté ló ń yìn ín.

"Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣájì bátìrì ló fa èyí," ni Bàbá wí. "Iná tó fi sí i kò tó nǹkan. Yóò gbọ́ tẹnu mi lónìí!"

Ó na ọwọ́ láti tú bátìrì náà, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Yéè! Kí ló dé tí wáyà dúdú yìí gbóná báyìí?"

Ọlọ́dà wo wáyà náà. Òun ló tú wáyà yẹn kúrò lára irin ẹ́ńjìnnì lánàá, tó kun ojú ibẹ̀ dáadáa, tó sì dá wáyà padà sórí ọ̀dà. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? Bó bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ni yóò gba èébú. Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí èbúté.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ," ló wí. "Èmi ni. Mo kun ibi tí wáyà yẹn máa ń jókòó sí. Ọ̀dà ló ń dí iná lọ́nà, ìdí nìyẹn tí wáyà fi gbóná."

Bàbá wò ó, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Àṣejù, baba àṣetẹ́! O ò ṣe kúkú kun epo inú táǹkì náà? Ó yá, mú sáńpépà wá."

Ọlọ́dà ha ojú ibẹ̀ títí irin fi ń dán, ó dá wáyà padà, ó sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà ta kìjí, ẹ́ńjìnnì sì bú gììrì! Àwọn méjèèjì hó yèè.

Ọlọ́dà rọra kọjá síwájú ọkọ̀, kí Bàbá lè jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì. Bàbá di apá rẹ̀ mú.

"Níbo lò ń lọ? Ẹni tó ń fi àṣìṣe pamọ́ ni mi ò lè gbé ìyá àti ọmọ jòjòló lé lọ́wọ́ lójú omi. Ìwọ ti sọ tìrẹ. Jókòó, kí o wa ọkọ̀."

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e fò. Ó wá yé e pé àṣìṣe kì í ba ọmọlúàbí jẹ́. Kéèyàn dákẹ́ kí ẹlòmíràn máa jìyà rẹ̀ ló ń bani jẹ́. Ó kọ orí ọkọ̀ sí òdìkejì, ó sì lọ gbé àbúrò rẹ̀ wálé.