Owó Àlejò ní Pápá Ìgàndò

Bàtà ọkùnrin náà ni Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ rí. Ó ń dán láàárín ẹrẹ̀ Ìgàndò. Nígbà tó gbójú sókè níbi tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró níwájú rẹ̀, bírò lẹ́yìn etí, ìwé kékeré lọ́wọ́. Ọkàn Mọ̀nsúrát fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló fi lejú.

"Ẹ jọ̀ọ́, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì yín?"

"Ẹgbẹ̀rún kan náírà."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀ta ni t'Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni t'Ìkọ̀tún."

"Ẹ máa lọ s'Ìkọ̀tún nígbà yẹn, jàre."

"Mo ti débẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n kan ló ń ta tiwọn." Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.

Olúwadọ̀tun lorúkọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké tí tẹlifíṣọ̀n kì í kà sí ló fẹ́ràn, ó sì máa ń kọ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì sórí Wásáàpù, kí ẹni tówó rẹ̀ ò tó nǹkan lè mọ ibi tí yóò ti wòran. Ọjọ́ yẹn ni ìdíje ọdún náà parí. Kí àsìkò òjò tó parí, òun àti Mọ̀nsúrát ti di ìgbín àti ìkarahun. Alhaji Sàkàrìyáù, bàbá Mọ̀nsúrát, tó ni pápá tó sì ni ẹgbẹ́, ti gbà kí ọmọkùnrin oníṣọ́ọ̀ṣì náà wá kí òun.

Àfi bí ìdíje tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Olúwadọ̀tun gbé ìwé rẹ̀ síta: Ìgàndò ló wọ́n jù. Lọ́jọ́ Sátidé, pápá dá páropáro, gbogbo èrò ti gba Ìkọ̀tún lọ.

Alhaji ránṣẹ́ pè é. "Ta ló gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ ẹ?"

Olúwadọ̀tun ò dárúkọ ẹnì kankan, ó ń tọrọ àforíjì ṣáá.

"Ẹni tó lé èrò kúrò ní pápá mi ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Mọ̀nsúrát sunkún títí, torí ó mọ ibi tí àṣìṣe ti wá. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ti là á sílẹ̀: àlejò á san ẹgbẹ̀rún kan, ọmọ àdúgbò á san irinwó, ọmọ ilé kì í san kọ́bọ̀. Ojú lásán ni àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi ń dá èèyàn mọ̀. Bàtà dídán ló fi ka Olúwadọ̀tun sí àlejò, ẹni tó ti ń gbé yàrá kan n'Ìgàndò láti ọdún mẹ́rin.

Ó pè é lórí fóònù. "Kí ló dé tí o ò sọ pé èmi ni?"

"Mọ̀nsú mi, ṣé kí n fẹjọ́ ẹ sùn kí n tó fẹ́ ẹ ni?"

Ìfẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́kàn pátápátá. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Alhaji bi í pé, "Ọdún mẹ́rin ló ti wà n'Ìgàndò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò sì dárúkọ ẹ fún mi?"

"Kò dárúkọ mi."



Olúwadọ̀tun tún ìwé rẹ̀ kọ, ó to iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Mọ̀nsúrát kà fún un síbẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èrò padà. Alhaji fúnra rẹ̀ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tó kan Olúwadọ̀tun, ó dọ̀bálẹ̀, ó na owó.

"Irinwó ọmọ àdúgbò rèé, sà."

Alhaji gbà á, ó sì fi í padà sínú àpò ẹ̀wù Olúwadọ̀tun.

"Mọ̀nsúrát, ṣé ọmọ ilé ń sanwó ni? Ṣílẹ̀kùn fún ọkọ ẹ."

Mọ̀nsúrát ṣí géètì. Olúwadọ̀tun di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ wọlé. Lẹ́yìn wọn, Alhaji ti bọ́ sórí àga tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń bi ẹni tó kàn léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo lò ń gbé?"