Ojú Tí Bàbá Fi Wo Ọ́ìlì

"Kí o wo èyí tó ń jáde kí o tó wo èyí tó ń wọlé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá àgbà ló ń rán Kíá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé wọn. Òun náà ló fún ọmọbìnrin náà ní ìnagijẹ yìí, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an tí kì í sáré jẹ́. Bàbá wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì báyìí. Ìyá Kíá, tí í ṣe ọmọ rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ ilé kó èrò. Lọ́jọ́ kejì, ó máa gbé àwọn olùkọ́ kan gba ọ̀nà jíjìn tí kò sí ilé lẹ́bàá rẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbá fi fẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti ọkọ̀ náà títí ọ́ìlì tó ti gbó yóò fi ro tán, kí wọ́n tó rọ tuntun.

Kíá jókòó lórí táyà àlòkù kan. Mẹkáníìkì, ọkùnrin kúkúrú oníkùn ńlá, ń wá sípánà káàkiri. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń dúró dè é ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Kíá gbé bọ́ọ̀lù kọjá.

"Kíá, ó ku ẹnì kan ká pé," ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-Ìgalà wí.

"Bàbá ní kí n máa ṣọ́ ọ́ìlì."

"Ṣọ́ ọ́ìlì? Ṣé ó fẹ́ sá lọ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Mẹkáníìkì pàápàá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀. "Máa bá wọn lọ, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ nìyí."

Ojú ti Kíá. Ó bá wọn lọ. Nígbà tó fi padà dé, tí òógùn bò ó, mẹkáníìkì ti dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń nu ọwọ́, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tuntun sì ti ṣófo nílẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó sì sáré padà sídìí bọ́ọ̀sì.

Bàbá fọwọ́ tọ ògiri jáde. "Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó, sà."

"Ó dáa. Fa géèjì yọ, nu ún, tì í padà, kí o tún fà á yọ. Báwo ni ọ́ìlì ẹnu rẹ̀ ṣe rí?"

Kíá fa ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ẹnu rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó sì ga kọjá àmì tó yẹ kó mọ. Bí ó bá sọ ọ́, bàbá á mọ̀ pé kò jókòó.

"Ó mọ́, Bàbá. Ó rí bí oyin."

"O ṣeun, ojú mi," ni bàbá wí, ó sì fọwọ́ pa á lórí.

Ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ lọ ra epo kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Fọkàn balẹ̀ o," ni bàbá sọ fún un. "Ojú mi ti bá mi wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kíá lọ́kàn ju pàṣán lọ. Ìyá rẹ̀ wọlé sínú ọkọ̀. Kíá lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ má wà á. Irọ́ ni mo pa. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá. Ọ́ìlì yẹn dúdú, ó sì ti pọ̀ jù."

Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́."

Bàbá ní kí wọ́n ṣáà pe mẹkáníìkì.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ìbínú. "Bàbá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú ọ́ìlì yẹn. Èmi kì í ṣe olè."

"A ò pè ọ́ lólè, ọ̀rẹ́ mi. Ṣáà bá wa wo abẹ́ rẹ̀."

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jáde, ìbínú ti fò lọ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Nọ́ọ̀tì méjèèjì tí a fi ń tú ọ́ìlì lábẹ́ ibẹ̀ jọra bí ìbejì. Ti gíà ni mo tú. Ọ́ìlì gíà ni mo dà nù, mo wá rọ tuntun lé ti ẹ́ńjìnnì lórí. Fèrè oníbọ́ọ̀sì yẹn ló dà mí lórí rú."

"Ká ní ọkọ̀ yìí gba ọ̀nà jíjìn lọ́la ńkọ́?" ni ìyá bèèrè.

"Gíà á jóná kẹ́ ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà."

Kíá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ká ní ó jókòó níbẹ̀ ni, ì bá rí i pé ọ́ìlì tó ń jáde kò dúdú bí ti ẹ́ńjìnnì.

Mẹkáníìkì tún iṣẹ́ náà ṣe látòkè délẹ̀. Kíá dúró tì í, kò tilẹ̀ wo ọ̀nà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ sílé. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ni bàbá ní kó fa géèjì yọ, kì í ṣe òun. Èyí dùn ún ju ìbáwí lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ló fọwọ́ fà á.

"Ó mọ́, Bàbá," ni ìyá rẹ̀ wí.

Bàbá ní kò burú. Ó wá yíjú síbi tí Kíá ti ń fa imú. "Kíá, ṣé òótọ́ ni ìyá rẹ ń sọ?"

Kíá gba géèjì náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ó mọ́ lóòótọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò tíì dé àmì."

Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀, ó tún gbé gálọ́ọ̀nù. "Bàbá, ojú tuntun yìí le o."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ náà mọ́ra. "Ọmọ mi, gbogbo ènìyàn ló lè ṣe àṣìṣe, mẹkáníìkì àti ìwọ náà. Ìdí tí a fi ń wo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wò ó bá purọ́, kí la tún fẹ́ fi wò ó? Ẹni tó bá fi ojú rẹ ríran, òótọ́ ni kí o máa fi hàn án, bí òótọ́ náà tilẹ̀ bá ìwọ alára wí."