Àlejò Tí Kò Mu Kọfí Matar

Omi ń kán lára àlejò náà, ṣùgbọ́n iyanrìn kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tútù gba etí òkun Jumeirah wọ ilé wa, iyanrìn ni yóò wọ̀ ní bàtà. Tirẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹsẹ̀ òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Mo ti wa ọkọ̀ akẹ́rù la aginjù kọjá fún ogún ọdún, ọkọ̀ ojú omi sì ti bá mi rì lẹ́ẹ̀mejì. Òkú kì í bà mí lẹ́rù. Alààyè ló ń jí bàtà mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí kùrukùru bo Dubai débi pé a kò rí ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ, irun apá mi dìde.

Èmi Dilmurad, ọmọ ẹ̀yà Balúṣì, ni mo ń bu kọfí nílé Matar bin Khalfan látìgbà tí eegun ẹ̀yìn mi ti kọ ọkọ̀ wíwà. Olówó ni Matar, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí, ó ti sin méjì. Hareb nìkan ló kù, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Dilmurad, kọfí rẹ òní dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò," ni Matar wí.

"Bàbá Hareb, ẹ fara dà á. Bí ìyàwó bá dé, á máa se èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ náà. Ohun tó kó bá a nìyẹn.

Mo bu kọfí fún àlejò. Ó gbé ife náà kalẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá, ìtìjú ńlá sì ni fún onílé bí kọfí náà bá tutù kí ó tó dá a lóhùn. Onílé tó gbọ́n a kọ́kọ́ béèrè pé kí ni. Èyí tó fẹ́ ṣe bí ọba ni í kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

"Mu kọfí rẹ," ni Matar wí. "Ohun tí o bá wá ti di tìrẹ."

Ẹni tó ń bu kọfí kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé.

"Amòòkùn ni mí," àlejò náà sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fa ohun kékeré kan jáde lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀mú egungun tí àwọn tó ń wá péálì iyebíye nísàlẹ̀ òkun láyé àtijọ́ fi ń pa ihò imú dé. "Kí Hareb ọmọ rẹ di okùn mi mú, kí n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Khalfan bàbá rẹ ló dì í mú nígbà tó kọjá."

Ojú Matar funfun bí eérú. "Gba ọkọ̀ mi. Gba ilé yìí."

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu."

Hareb ti gbọ́ láti yàrá kejì, ó jáde wá tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá, okùn lásán? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àna mi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé Khalfan ti di irọ́?"

Bí a ti ń lọ sí etí òkun, Matar di apá mi mú, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Lọ́jọ́ tí bàbá mi di okùn náà mú, apẹ̀rẹ̀ amòòkùn ló kọ́kọ́ gòkè, Dilmurad. Péálì kan wà nínú rẹ̀ tó tóbi bí ẹyin àdàbà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, pé kí wọ́n fa òun sókè. Bàbá mi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ó ju okùn náà sílẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá mi fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń kú lọ."

Àlejò náà fi ẹ̀mú pa imú dé, ó wọ inú omi, omi kò sì dún. Hareb dúró níbi tí omi ti dé orúnkún rẹ̀, ó di okùn mú. Èmi di ìdí okùn mú lẹ́yìn rẹ̀. A dúró. A dúró kọjá ohun tí àyà ènìyàn lè gbà.

Okùn fà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Fà á, Hareb!" Matar kígbe.

Hareb fà. Ṣùgbọ́n bó ti ń fà, òun ló ń rìn síwájú. Kùrukùru gbé ẹ̀yìn rẹ̀ mì. A gbọ́ tí omi là, tó sì padà dé.

Lẹ́yìn náà ló jáde wá, Hareb, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó ti lọ, Bàbá," ó ní. Matar dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Èmi náà dúpẹ́, ìdí okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Oòrùn wá là. Kùrukùru ká kúrò, àwọn ilé gogoro onígíláàsì sì yọ lókè orí wa. Abẹ́ òjìji wọn ni wọ́n bí Hareb sí. Ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ là, ó sì bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́:

"Ta ló kọ́ gbogbo èyí?"

Okùn fà lọ́wọ́ mi. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta.

Matar rí bí okùn ti gbọ̀n. "Bàbá Hareb," mo ní, "ẹ wá bá mi fà á. Ọmọ yín ló wà nísàlẹ̀."

Ó wo òkun. Ó wo ojú tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ojú tó gbóná, tó ń mí.

"Jù ú sílẹ̀, Dilmurad. Ọmọ mi rèé."

Ó mú un lọ sílé. Èmi nìkan ni mo ń fà, títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Òyìnbó obìnrin kan tó jókòó níwájú òtẹ́ẹ̀lì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó rò pé eré àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àlejò ni. Nísàlẹ̀, ẹni náà ń fà, èmi náà ń fà. Ó rẹ̀ ẹ́ kí ó tó rẹ̀ mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú ìyàwó wá fún èyí tó wà lókè.