Kútẹ́ẹ̀sì Onírin tí Fadérera Pò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí ní ìlú Ìdẹ̀ra, lórí òṣùpá, ké gbàjarè pé obìnrin méjìlá ń kú lọ ní Òpópónà Kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré débẹ̀. Kí ni wọ́n bá? Ọ̀kan ń dín àkàrà. Ọ̀kan ń bá ọkọ ẹ̀ jà lórí ṣòkòtò tí kò fọ̀. Ọ̀kan ń jó níwájú dígí. Ikú jìnnà sí gbogbo wọn, ara wọn le koko, wọ́n tilẹ̀ ń bínú pé wọ́n dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé orí ẹ̀ ti dàrú. Aṣọ́-èémí ni wọ́n ń pè é. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní Ìdẹ̀ra. Bí o bá fẹ́ wọlé, wàá ti ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ihò yẹn. Iná pupa kan á tàn gba èékánná rẹ kọjá, á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, á sì mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tí ò ń mí tó ọ. Bí kò bá tó, ẹ̀rọ á ṣí ẹnu páìpù, á da afẹ́fẹ́ kún ilé rẹ; bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò sàn, á ké gbàjarè. Inú Ilé-Ewé ló ti ń fa afẹ́fẹ́ náà, ìyẹn oko ńlá tí wọ́n fi gíláàsì bò ní àárín ìlú. Òfin Ìdẹ̀ra ni pé èèyàn ṣáájú ewéko.

Ẹ̀rọ náà á tún kí ọ kó tó wo ìka rẹ: "Ṣé ara le?" Àwọn àgbà ìlú ló ní àwọn ò lè gbà kí irin máa di èèyàn níka mú láì kí i. Ṣùgbọ́n ìkíni lásán ni o. Ohun yòówù tí o bá fi dá a lóhùn, kò ní gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, torí àwọn tó ṣe é mọ irú wa dáadáa: ẹni tí àyà ń dùn, tí ojú ti ń ṣú, "A dúpẹ́" náà ló máa sọ.

Fadérera ló fa wàhálà ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò sì sẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tún ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń jáde síta ìlú ṣe, torí náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, inú ìbọ̀wọ́ ẹlòmíràn ni ọwọ́ ẹ̀ máa ń wà. Bó bá délé, ìka wọ̀nyẹn ló ń kẹ́. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì tó ń pààrọ̀ àwọ̀ bí ara bá gbóná. Ó ní èyí tó máa ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bó bá gbẹ tán. Ó ní èyí tó ń tàn yinrinyinrin. Orí abẹ́rẹ́ ló fi ń to àmì kéékèèké sí wọn, ó sì lè jókòó ti àtàǹpàkò kan ṣoṣo fún odindi wákàtí kan, kó máa kọrin sí i.

Eruku òṣùpá máa ń lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá kó wá fún un. Irin wà nínú eruku náà. Lọ́jọ́ kan ni nǹkan sọ sí i lọ́kàn: ó fi òòfà fa irin náà jáde, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó pò ó mọ́ kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀, ó sì fi kun àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ẹ̀. Kó tó gbẹ, ó mú òòfà sún mọ́ ọn. Háà! Irin náà dìde nínú ọ̀dà, ó tò, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan sì là á láàárín bí ojú ológbò. Ó yí òòfà, ìlà náà tẹ̀. Ó fi òòfà méjì sí i, ó di òdòdó. Òun nìkan ló wà nínú ilé, ó sì pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ta ló máa mú irú ẹ̀ mọ́ra? Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin òpópónà náà ti kún ilé ẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, kálukú na ọwọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Màmá Àṣàbí, aládùúgbò ẹ̀, ló kọ́kọ́ jókòó.

"Màmá, irú èwo lẹ fẹ́?"

"Èyí tí wọ́n á fi mọ̀ pé mo wọlé ni kí o ṣe fún mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Màmá Àṣàbí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà nígbà tí àwọn òbí ẹ̀ gbé e wá sórí òṣùpá, ó sì di kóró àgbálùmọ̀ kan mọ́ etí aṣọ. Wọ́n gbìn ín sí Ilé-Ewé. Igi náà hù, ó ga, ó gbilẹ̀, kò so. Ọdún méjìléláàádọ́rin ló fi dúró tí kò so nǹkan kan, tí Màmá sì ń lọ bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, á bẹ̀ ẹ́, á bú u. Àfi lọ́dún yìí. Ọdún yìí ló so mọ́kànlá, tútù minimini, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n pọ́n. Kò sí ohun tí Màmá Àṣàbí tún ń fẹ́ láyé ju kó jẹ ọ̀kan nínú wọn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀ láì dúró sinmi, ó ń kọrin lọ sókè. Ó ní, "Fadérera, kútẹ́ẹ̀sì yìí ti sọ mí dọmọge!" Inú Fadérera dùn débi pé kò lè jẹun.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ figbe ta.

Ọ̀mọ̀wé Oyèjídé, ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ṣe Aṣọ́-èémí, ló wá fúnra ẹ̀ sí ilé Fadérera, níbi tí àwọn obìnrin méjìlá náà kóra jọ sí. Ó gbé wàláà oníná rẹ̀ dání. Ó wo èékánná ẹni kìíní, ó wo ti ẹnì kejì, nígbà tó dé ti ẹnì kẹta, ó dúró.

"Ta ló fi irin sí yín lọ́wọ́?"

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ káàárọ̀ náà o," ni Màmá Àṣàbí wí.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara le?"

"Ó le, a dúpẹ́. Kí ló dé tó o fi ń sáré?"

"Iná Aṣọ́-èémí kò lè gba irin kọjá, mà. Ó wo èékánná yín, ó rí òkùnkùn, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ yín ti dúdú. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń fa afẹ́fẹ́ Ilé-Ewé wá sí ilé méjìlá."

"Ṣebí kí o sọ fún un pé ara wa le. Kó dákẹ́."

"Kò ní gbà, mà. Èmi gan-an kò lè dá a dúró. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

Màmá Àṣàbí gbéra nílẹ̀. "Ìwọ Oyèjídé, tí mo mọ ìgbà tí wọ́n bí ọ! Ìwọ lo kọ́ irin pé òpùrọ́ ni gbogbo wa?"

"Torí bàbá mi ni, mà," ni Oyèjídé fèsì, ohùn ẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Páìpù ilé wa dí. Mo ń bi wọ́n láràárọ̀ pé ṣé kò sí nǹkan. Wọ́n ní a dúpẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an, wọ́n ní a dúpẹ́. Mi ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́."

Màmá tún jókòó. Oyèjídé wá yí wàláà ẹ̀ sí wọn kí wọ́n wo Ilé-Ewé. Ewé ẹ̀fọ́ ti wọ́, igi àgbálùmọ̀ sì ti ń gbọn ewé dànù. Ó ní bí ẹ̀rọ kò bá ti páìpù méjìlá yẹn pa kó tó di ìrọ̀lẹ́, èso tó wà lórí ẹ̀ á já.

"Àgbálùmọ̀ mi!" ni Màmá ké.

Fadérera sáré gbé omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Kò kún ife kan, irin inú ọ̀dà náà sì ti le bí ìkarahun. Wọ́n fẹnu kò pé ìka ìtọ́ka nìkan ni kí wọ́n nù. Bó ṣe di pé àwọn obìnrin tò nìyẹn, Fadérera ń rẹ ìka wọn sínú omi náà, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré họ, omi ń jáde lójú ẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ mi ni mo fi fẹ́ ba nǹkan yín jẹ́." Màmá ní kó yé sọkún sórí ìka òun, kó máa họ ọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tán á sáré lọ ti ìka bọ ihò ilé ẹ̀, ọ̀kan nínú iná méjìlá tó ń tàn lórí wàláà Oyèjídé á sì kú. Ó di mẹ́jọ, ó di márùn-ún. Nígbà tó ku ẹyọ kan, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ẹyọ kan yẹn kò kú. Ilé Màmá Àṣàbí ni.

Oyèjídé fúnra ẹ̀ gbé ìka Màmá sójú ìmọ́lẹ̀. Èékánná náà mọ́ fefe. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sílé ẹ̀, ó tún ti ìka bọ ihò. Ẹ̀rọ ní afẹ́fẹ́ kò tó obìnrin yìí. Wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ ní kò tó o.

"Màmá," ni Oyèjídé rọra wí, "ẹ̀rọ yìí kò ṣìṣe."

"Kò lè jẹ́ òní ló bẹ̀rẹ̀," ni Fadérera wí. "Kí ló dé tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Ìyá Ìbejì, tí ilé ẹ̀ kọjú sí ti Màmá, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Nígbà tí kò rí ibi sá sí mọ́, ó kúnlẹ̀. "Ìka mi ni, ẹ̀gbọ́n. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni. Bí mo bá ti sin Màmá délé, èmi ni mo máa ń ti ìka bọ̀ ọ́ fún wọn. Màmá ní bí ẹ̀rọ bá rí ìka àwọn, á gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ igi àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú yẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi èékánná han ẹ̀rọ. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò."

Ọ̀rọ̀ wá yé Fadérera. Afẹ́fẹ́ ló gbé Màmá gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Ajé, kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ méjì péré nínú oṣù mẹ́jọ ni obìnrin yìí mí dáadáa. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ẹ wò mí báyìí," ni Màmá wí, "ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ìyá Ìbejì, dìde, wá ti ìka bọ̀ ọ́. Bí mo bá ti jẹ ẹyọ kan, ẹ̀rọ lè máa ṣe bó ṣe fẹ́."

"Ẹ ò ní lò ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mà," ni Oyèjídé wí. "Bí ilé yín nìkan bá sì ń fà á, igi náà kò ní kú. Èso orí ẹ̀ ni kò ní dúró."

"Èso yẹn náà ni mò ń wí!"

Fadérera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. "Màmá, ta nínú wa ló ti rí àgbálùmọ̀ tó pọ́n rí? Orí òṣùpá ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Bí kò bá sí yín, tútù la máa ká a jẹ, a ó sì máa purọ́ fún ara wa pé ó dùn. Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Màmá Àṣàbí dìde, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ìka ara ẹ̀ bọ ihò.

"Ṣé ara le?" ni ẹ̀rọ bi í.

"Rárá," ni Màmá wí. "Kò le."

Afẹ́fẹ́ túbọ̀ ń fẹ́ wọlé. Oyèjídé yí ojú sí ògiri, ó sì fi apá aṣọ nu imú.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo mọ́kànlá já pátá. Wọ́n tọ́ ọ wò, ó kan gógó, ó sì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu títí dọjọ́ kejì. Oyèjídé ní igi náà á tún so, bóyá ní ọdún méje sí i. Màmá ń sùn dáadáa, ó ń jẹun, ó sì ti sanra díẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú kò gba kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní kí oníkálukú máa dá ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún sí. Àwọn ọmọge ìlú ti sọ ọ́ di oge báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilé Fadérera tún kún. Màmá Àṣàbí na ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n tún ṣe ojú ológbò?"

"Rárá. Gbé pupa wá. Gbé yẹ́lò wá. Fún mi ní abẹ́rẹ́ yẹn, o ò mọ àwọ̀ tí mò ń wí."

Ó po ọ̀dà náà fúnra ẹ̀ lórí ìdérí ìgò kan. Ó wò ó, ó mi orí, ó fi yẹ́lò kún un. Ó pọ̀ jù, ó fi pupa kún un. Ó di ojú, ó là á, ó wo ohun tó pò, ó sì ní kí Fadérera máa kùn ún. Èékánná mẹ́sàn-án ló kùn. Nígbà tó gbẹ, Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo ilé rí i, ó sì ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ iwájú dáadáa.

"Ẹ wò ó o," ni Màmá Àṣàbí wí. "Bí ẹ bá ti rí àgbálùmọ̀ tó rí báyìí, ẹ ká a."