Ìlà Tó Ṣófo Nínú Káàdì

Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, bàbá kan tó ń gé òkúta wọ kílíníìkì pẹ̀lú ikọ́ tí kò jẹ́ kó sùn. Nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí tábìlì bi í lọ́jọ́ orí, ó sì bi í bóyá ó ń mu sìgá. Bàbá náà kò mọ irọ́ pa. Ó ní òun mu ún rí nígbà èwe, kí òun tó gbé ìyàwó. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì pé: amusìgá. Ìlà tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ aláìsàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn bàbá náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ba nǹkan jẹ́. Ilé iṣẹ́ rí i, wọ́n ní sìgá ló ń bá a jà, kì í ṣe eruku òkúta, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò pé ọdún kan tó fi kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba ipò rẹ̀ nídìí ayùn, wọ́n sì ń pè é ní Agékùúta bí wọ́n ti ń pe bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kí nọ́ọ̀sì kankan, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àfi lọ́jọ́ tó rí nọ́ọ̀sì kan tó wọ bàtà òjò tó tóbi jù ú lọ.

Àwọn méje ni wọ́n wá síbi tí wọ́n ti ń gé òkúta lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, nọ́ọ̀sì àti dókítà, tí wọ́n ń kọ́ nípa àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Olùkọ́ wọn, ìyá àgbà kan tí ohùn rẹ̀ ń borí ẹ̀rọ, ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ kò lè mọ ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ní kí Agékùúta mú wọn yí ká. Ó fajú ro bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò sẹ́nu.

Eruku funfun bo gbogbo wọn, àwọn mẹ́fà ń gbọn aṣọ. Ọ̀kan, nọ́ọ̀sì tó wọ bàtà òjò ńlá náà, kò gbọn tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ kó oúnjẹ wọn sí, ó fi ìka fa ìlà lórí ìdérí abọ́ kan, ó sì gbé ìka náà sínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Eruku dúró lórí ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Àyà Agékùúta ṣe gììrì, inú sì bí i sí àyà náà.

Obìnrin náà béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

"Ibẹ̀ ni," Agékùúta dáhùn. "Eruku yẹn niyọ̀ wa."

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yín, ọ̀gá." Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá òun alára lójijì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wá. Ó kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń fi etí mọ ìgbà tí omi bá gbẹ lójú ayùn, tí eruku fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró sí i lẹ́nu, ó ní kó fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ iná igi tútù. Nígbà tí nọ́ńbà jáde, tó rí i pé ó dára, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ ni. Agékùúta gbé èémí yẹn relé, ó sì fi sùn.

Àárín Ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì wá gùn ju oṣù lọ. Ní Ọjọ́rú, á fọ ọrùn àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọkọ Nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan ní bó bá tún fọ ọrùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, orí á já sílẹ̀. Nínú yàrá tó háyà, obìnrin náà gbé bàtà òjò ńlá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò fẹ́ fọ eruku ara rẹ̀ dànù.

Lọ́jọ́bọ̀ karùn-ún, wọ́n jókòó lórí òkúta tí wọn ò tíì gé. Agékùúta sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Ó ní èyí tó dun òun jù ni ti ìyá òun. Láti ọjọ́ tí ìyá ti gbọ́ ohun tó wà nínú káàdì ló ti gbà pé ọkọ òun ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀. Ó ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ìjà ni wọ́n sì ń jà títí ọkùnrin náà fi kú. Obìnrin náà fi ohùn kékeré béèrè kílíníìkì wo ni. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó dìde, ó ní ọkọ̀ ń dúró de àwọn.

Kílíníìkì náà ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Iṣẹ́ àṣekẹ́yìn tí Olùkọ́ fún wọn ni pé kí olúkúlùkù wá káàdì àtijọ́ kan tí wọn ò ti béèrè iṣẹ́, kó tún un kà. Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin náà fi tú yàrá káàdì láti wá ti bàbá Agékùúta. Kó tó ka orúkọ aláìsàn, ó ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni, ti ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń kánjú. Ó wá rántí bàbá náà, bó ṣe di fìlà rẹ̀ mú níwájú tábìlì.

Lọ́jọ́bọ̀ kẹfà, ó bá Agékùúta lẹ́nu géètì. Ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ, ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ sórí. Kò ráyè sọ ọ́. Obìnrin náà ti fi ẹ̀dà káàdì náà lé e lọ́wọ́. Agékùúta kà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Nítorí ìwé tí nọ́ọ̀sì náà àti Olùkọ́ kọ sí ọ̀gá, wọ́n ti fa omi sí gbogbo ayùn, wọ́n sì ti fún àwọn òṣìṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n á ti máa jẹun. Agékùúta ń jẹun níbẹ̀, kò sì rí ẹni bá jà. Láti àárọ̀, á máa bínú sí obìnrin náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa ṣàárò rẹ̀. Kò mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì. Obìnrin náà kò ránṣẹ́ sí i, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó ṣẹni kò gbọdọ̀ tún máa lé ìfẹ́ kiri. Síbẹ̀, bí ilẹ̀kùn kílíníìkì bá dún lọ́jọ́bọ̀, á gbójú sókè.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Agékùúta ló wọlé. Ó jókòó sẹ́yìn èrò. Ó gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń bi ìyá alágbàfọ̀ kan léèrè irú ọṣẹ tó ń lò, bóyá fèrèsé wà níbi tó ti ń fọṣọ, àti ọdún tó ti fi ṣe é. Àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn. Ọkùnrin kan ní àbí nọ́ọ̀sì fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà ni. Nọ́ọ̀sì náà kò kánjú. Wákàtí méjì ni Agékùúta fi dúró kó tó kàn án.

"Kí ló ń ṣe yín?" obìnrin náà béèrè. Ó ti fa káàdì tuntun síwájú.

"Inú ló ń bí mi," ọkùnrin náà wí. "Kò tíì rọ̀, mi ò sì mọ ọjọ́ tó máa rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bínú nílé tí o ò sí, kò ṣeé gbé. Mo fẹ́ kó máa bí mi nílé tí o wà. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Omi bọ́ lójú obìnrin náà sórí tábìlì. "Olóríkunkun mi," ó wí, "mo fẹ́ ọ. Àmọ́ mi ò lè ṣe ìyàwó nílé ìyá tí mo ba ọkọ rẹ̀ jẹ́. Mú mi lọ bá wọn ná. Bí wọ́n bá lé mi, màá lọ."

Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyá ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, ó sì ti to ife sílẹ̀. Ó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti rò pé òkúta ni yóò gbé wálé níyàwó. Ó ní kí obìnrin náà jókòó. Kò jókòó.

"Mà," ó wí, "èmi ni nọ́ọ̀sì tó kọ amusìgá sínú káàdì ọkọ yín. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti fi sìgá sílẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ yín. Mo gbọ́, síbẹ̀ amusìgá ni mo kọ. Mi ò bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Eruku òkúta ló pa wọ́n, mà. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Abẹ́rẹ́ dúró nínú aṣọ. Agékùúta ń wo ilẹ̀, kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ìyá na ọwọ́, ó fa obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí ló ń wò.

"Bàbá ọmọ mi," ó wí, bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, "ẹ ò mu ún. Ẹ sọ fún mi títí. Èmi ni mi ò gbà yín gbọ́."